Jean Baptiste Point du Sable àti Ìwé Tí Ó Jẹ́rìí Fún Un

Gbogbo wa tí a ń gbé Chicago ni a mọ orúkọ DuSable. Ó wà lára afárá, lára ilé ẹ̀kọ́, àti láti ọdún 2021, lára Lake Shore Drive pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn ọkùnrin náà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilé tàbí ọmọ.

Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni Jean Baptiste Point du Sable, oníṣòwò sì ni. Ní ọdún 1779, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n fura pé ti Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá wọn kan, Patrick Sinclair, fi í ṣe alábòójútó ilẹ̀ rẹ̀ títí di 1784.

Kitihawa ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Potawatomi. Àlùfáà ìjọ Àgùdà so wọ́n pọ̀ ní Cahokia ní 1788. Wọ́n bí Jean àti Suzanne. Nígbà tí yóò fi di 1790, wọ́n ti ní ilé àti oko ní etí Odò Chicago, àwọn arìnrìn-àjò sì ń rí ìyẹ̀fun, búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀.

Ní May 7, 1800, ó ta gbogbo rẹ̀ fún Jean La Lime ní livre 6,000, owó Faransé. Kò fi ẹnu lásán tà á. Wọ́n ṣe ìwé, John Kinzie sì wà lára àwọn ẹlẹ́rìí. Wọ́n ka ohun gbogbo sínú rẹ̀: ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tí ó fẹ̀ ní 22, àká méjì, ọlọ tí ẹṣin ń yí, ilé búrẹ́dì, ilé wàrà, títí dé ẹlẹ́dẹ̀ 38 àti adìẹ 44. Wọ́n fi ìwé náà sí ọ́fíìsì ìjọba ní Detroit.

Ní 1804, Kinzie kan náà kó wọ inú ilé yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni wọ́n ń pè ní baba Chicago, orúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àfi ìgbà tí òpìtàn Milo Quaife rí ìwé náà ní Detroit ní 1913. Ta ni ì bá jẹ́rìí fún un? Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ti kú. Ìwé ni ó jẹ́rìí.

Du Sable kó lọ sí St. Charles ní Missouri. Ní 1813, ó tún ṣe ìwé mìíràn: ó fi ilé rẹ̀ lé Eulalie Barada lọ́wọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ó tọ́jú òun, kí ó sì sin òun sí itẹ́ òkú ìjọ Àgùdà. Ó kú ní August 28, 1818, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tí ó bá kọ ìwé ìhágún ń pe ikú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Du Sable lò sí i láyé lẹ́yìn tí ó ṣètò ìsìnkú ara rẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé orí ibùsùn aláìsàn kọ́ ni ó yẹ kí ẹbí ti máa bèèrè ibi tí ìwé ilé wà. Ní Illinois, ẹlẹ́rìí méjì ni ìwé ìhágún ń fẹ́. Kí wọ́n má sì jẹ́ ẹni tí yóò pín nínú ogún náà. Ẹ wá lọ́yà, ẹ ṣe é nígbà tí ara le, kí ẹ sì sọ fún ọmọ yín ibi tí ẹ fi í sí.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹ̀mí gígùn. Àmín.