Ògúndé, Ẹni Tó Fi Owó Pe Obìnrin Wá Sórí Ìtàgé

Láti Mabera, Sókótó

Tí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe ọjọ́ àṣà, kì í pẹ́ tí ọkùnrin kan á fi ró ìró, á wé gèlè, á di àkísà mọ́ àyà, gbogbo èrò á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò burú, eré ni, ọjọ́ ẹ̀ sì ti pẹ́.

Eégún alárìnjó ni wọ́n fi ń dára yá láyé àtijọ́. Wọ́n á ta kìtì, wọ́n á di ejò, wọ́n á di ọ̀nì lójú agbo. Òyìnbó tó ń jẹ́ Clapperton, tó kú sítòsí Sókótó wa níbí lọ́dún 1827, rí irú eré yìí ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826. Wọ́n tiẹ̀ fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú ẹ̀. Ìyàwó wà nínú eré alárìnjó, pańṣágà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ. Obìnrin lè gbe orin, kì í gbé ẹ̀kú.

Lẹ́yìn irú àwọn eégún bẹ́ẹ̀ ni Hubert Ògúndé ń sá kiri ní kékeré. Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1916. Pásítọ̀ ni bàbá ẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó di pé ó gbé eré Ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ kan nílùú Èkó ní oṣù kẹfà 1944. Àwọn ọmọ ìjọ ló bá a ṣe é.

Lọ́dún 1946, nígbà tó fẹ́ ṣe eré Tiger's Empire, ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tó máa ṣeré, òun á sì sanwó fún wọn. Obìnrin ti ń kọrin nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ kí wọ́n gbà á níṣẹ́, kó máa gbowó, ìyẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú tíátà Yorùbá.

Wàhálà dé. Àwọn òbí ò fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ wọn, torí aṣẹ́wó làwọn èèyàn ń pe obìnrin tó bá ń bá eléré rìn. Èyí tó bá sì kọ́ ọ tó mọ̀ ọ́n, ọkọ á dé, á ní kó fi í sílẹ̀. Ni Ògúndé bá ń fẹ́ wọn níyàwó. Wọ́n ju mẹ́wàá lọ. Ó bo obìnrin náà lójú aráyé, ó sì so iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ilé ọkọ. Ojú méjèèjì ló yẹ ká fi wò ó.

Wọ́n jọ jìyà ọ̀nà. Wọ́n dé òkè ọya níbí, ìjọba òyìnbó fòfin de eré wọn ní Jọ́ọ̀sì. Lọ́dún 1964, Yorùbá Ronú mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin dè wọ́n, ó di 1966 kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Adéṣẹ́wà, ìyàwó tó bá a la ibẹ̀ kọjá, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lọ́dún 1970.

Ọjọ́ ogbó ò dá a dúró. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tó ṣe sinimá Ayé ní 1979. Òun ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó kojú àwọn àjẹ́, àwọn ìyàwó ẹ̀ sì ń bá a ṣe sinimá. Ó ti di arúgbó tó fi wá ṣe Mister Johnson fáwọn òyìnbó ní Toro, ìpínlẹ̀ Bauchi. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin 1990, ó jẹ́ ẹni ọdún 73. Ọ̀sọsà ni wọ́n sin ín sí.

Ọmọbìnrin wa tó bá sọ lónìí pé tíátà lòun fẹ́ ṣe, ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀ bà á lórúkọ jẹ́. Àwọn obìnrin Ògúndé ti gba èébú yẹn tán. Tí ẹgbẹ́ bá sì pè é wá ṣeré, kí akápò san owó ẹ̀.