Samuel Johnson, Ẹni tí ó Kọ Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Bí ènìyàn bá ṣí àpótí ìwé àwọn àgbà tí ó mọ ìwé kà ní ilẹ̀ Yorùbá, oríṣiríṣi ìwé àtijọ́ ni yóò bá níbẹ̀: Bíbélì, ìwé orin, ìwé òwe, ìwé àlọ́, àti ìwé ìṣirò tí èèpo rẹ̀ ti ya. Láàárín wọn ni a ti máa ń rí ìwé ńlá kan tí ojú ewé rẹ̀ ju ẹgbẹ̀ta lọ, tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ó sì ń sọ ìtàn àwọn Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó jáde kò pọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò fi ojú kàn án ní títẹ̀. Ẹni tí ó tún un kọ pàápàá kò fi ojú kàn án. Ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́, èyíinì ni Àlùfáà Samuel Johnson, ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí Samuel Johnson ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, Henry Johnson, ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni a sì ka baba náà mọ́. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n sì tà á sí etíkun. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun nígbà náà a máa gba ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọn a sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Sàró láti sọ wọ́n di òmìnira. Báyìí ni bàbá Samuel ṣe di ará Sàró, tí ó gba ìgbàgbọ́, tí ó sì bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1857, Henry Johnson kó aya àti ọmọ rẹ̀, ó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀ láti ran David Hinderer, òyìnbó oníwàásù ọmọ ilẹ̀ Jámánì, lọ́wọ́ ní ìlú Ìbàdàn. Oṣù kìíní ọdún 1858 ni wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n sì ń gbé ní Kúdẹ̀tì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Samuel nígbà náà. Abẹ́ ìtọ́jú Hinderer àti aya rẹ̀ Anna ni ó ti ń kọ́ ìwé.

Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè lẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dí ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí etíkun. Owó àti oúnjẹ kò lè wọlé fún àwọn tí ó wà ní ilé àwọn oníwàásù mọ́. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà láti fi jẹun. Ojú Samuel ni gbogbo èyí ṣe. Ó rí ìyà tí ogun ń fi jẹ ènìyàn nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Lẹ́yìn ogun náà, a rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Òyìnbó kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ń jẹ́ G. F. Bühler ni olórí ibẹ̀. Bühler kò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà mọ sí ìwé kíkà àti ìṣirò nìkan. Ó ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè ayé àtijọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí Samuel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 1866. Láti inú iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ti bọ́ sí iṣẹ́ ìjọ ní Arẹ̀mọ. Ó di díákónì ní ọdún 1880, a sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1888.

Láàárín àkókò yìí ni ogun kan tí ó burú ju ti Ìjàyè lọ ń jà. Ní ọdún 1877 ni ìjà tún bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn ará Ẹ̀gbá. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, àwọn Èkìtì àti àwọn Ìjẹ̀ṣà kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Èkìtì Parapọ̀, wọ́n sì dìde láti já ara wọn gbà lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ogun náà ni a ń pè ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn ńláńlá tí wọ́n fi ń jà á. Ọdún gorí ọdún, àgọ́ ogun di ìlú, a ń bí ọmọ níbẹ̀, a sì ń sin òkú níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ṣẹ́gun ẹnì kejì.

Àlàáfíà ni Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ń wá. Ó fẹ́ kí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó bá òun là wọ́n. Johnson ni ó bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà, òun náà ni ó sì gbé e lọ sí Èkó. Iṣẹ́ eléwu ni, nítorí pé ojú ọ̀nà kò dára, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ọ̀tá méjì lè di ẹni tí a fura sí lọ́tùn-ún lósì. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips lọ sí àgọ́ àwọn ajagun láti mú ọ̀rọ̀ àlàáfíà tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, àwọn ọba àti balógun fi ohùn sí i. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún náà ni a ṣe ìwé àdéhùn ní Èkó, a sì kéde àlàáfíà ní ojú ogun nínú oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àgọ́ ogun tó tú pátápátá.

Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ìtàn jẹ́. Johnson ti bá ọba sọ̀rọ̀, ó ti bá balógun jókòó, ó sì ti gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. Ohun kan wá ń dùn ún. Ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé lè ka ìtàn Róòmù, ti Gíríìkì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní ìtàn baba tiwọn, ẹnu wọn a wọhò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà parun.

Ó tọ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ lọ, àwọn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìdílé wọn ni láti máa pa ìtàn ọba mọ́. Ó jókòó ti David Kúkọmí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, tí ó ti jagun nígbà èwe rẹ̀. Ó bi Lágunjú tí ó ti jẹ Tìmì Ẹdẹ, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òpìtàn. Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ, ni ó ti parí ìwé náà ní ọdún 1897.

Ní ọdún 1899 a fi ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ yìí ránṣẹ́ sí olùtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A retí èsì títí, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 1900, Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ bèèrè. Wọ́n sọ fún un pé ìwé náà ti sọnù, pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, èló ni a lè fi ra iṣẹ́ ogún ọdún? Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson kú ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, kò sì rí ìwé náà mọ́.

Bí kì í bá ṣe ti àbúrò rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n Samuel ti fi àkọsílẹ̀ púpọ̀ àti ìwé tí kò tíì tún ṣe sílẹ̀. Dókítà Obadiah kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì fi sùúrù tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1916, ìwé kejì yìí kúrò ní Èkó nínú ọkọ̀ Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí a kò gbúròó ìwé náà, kí àwọn oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn olùtẹ̀wé. Nígbà tí ó dé, tákàdá ti wọ́n gógó, a sì ní láti dúró kí ogun parí. Obadiah náà kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde ní London, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́.

A kò ní sọ pé ìwé náà kò ní àléébù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, Ìbàdàn ni ó sì gbé dàgbà. Nítorí náà ìtàn ìlú méjèèjì ni ó mọ̀ jù, òun ni ó sì sọ jù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà a máa sọ pé ó fo ọ̀pọ̀ nǹkan tiwọn dá, tàbí pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wò wọ́n. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí ẹni tí yóò kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní kọ́kọ́ ṣí ìwé Johnson, ìbáà ṣe láti tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe láti bá a jiyàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kò lé ní méjì. Èkíní ni pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ní ilé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ìtàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe da àkọsílẹ̀ yín nù nítorí pé ó rí játijàti. Irú tákàdá játijàti bẹ́ẹ̀ tí Samuel Johnson kò jù nù ni ó gba ìtàn odidi orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ ìgbàgbé.