Houphouët-Boigny, Àgbẹ̀ Kọfí Tí Ó Já Àjàgà Iṣẹ́ Àfipáṣe

Kọfí ti di ohun mímu òwúrọ̀ ní ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Àwọn kan ń pò ó nínú ife lásán. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sè é. Ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò onídígí méjì tí ó ń lo iná mànàmáná. A ó bu omi sí ìkòkò ìsàlẹ̀, a ó da kọfí lílọ̀ sí ti òkè, asẹ́ yóò sì wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí omi bá hó, ooru rẹ̀ tí ó há sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ yóò ti omi náà gba inú ọ̀pá gòkè lọ bá kọfí. Bí a bá pa iná, ìkòkò ìsàlẹ̀ yóò tutù, ooru inú rẹ̀ yóò padà di omi, àyè yóò sì ṣófo níbẹ̀. Nígbà náà ni kọfí tí ó ti jinná yóò gba ojú asẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò kù sókè. Láti nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ará Yúróòpù ti mọ irú ìkòkò yìí. Iná fìtílà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò sí i kí iná mànàmáná tó dé.

Ohun tí ó dùn ún wò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wo omi bí ó ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ nínú dígí kì í sábà rántí ẹni tí ó gbin kọfí náà. Ìgbà kan wà, tí kò tí ì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ó jẹ́ pé ipá ni a fi ń kó àwọn ọmọ ènìyàn dúdú lọ sí oko kọfí ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí òfin tí ó fi òpin sí ìwà ìkà náà, àgbẹ̀ kọfí ni òun pàápàá. Félix Houphouët-Boigny ni. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ ìtàn rẹ̀, ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni. Àárín ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni àwọn Baoulé ń gbé, láti ìtòsí igbó ńlá gúúsù títí dé ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó yí Bouaké àti Botro ká. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1905 ni a bí i ní Yamoussoukro, ìlú tí a fi orúkọ Yamousso, ìyálóde kan nínú ìdílé rẹ̀, sọ. Ilé olóyè ni wọ́n bí i sí. Dia Houphouët ni orúkọ àbísọ rẹ̀; Félix ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi, ó sì di ọdún 1946 kí ó tó fi Boigny kún un, èyí tí ó túmọ̀ sí àgbò ní èdè Baoulé.

Ìgbà ọmọdé rẹ̀ jẹ́ ìgbà ìpọ́njú fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Gómìnà Angoulvant, tí ó dé ní ọdún 1908, ni ó fi ogun tẹ àwọn Baoulé lórí ba, ó gba ìbọn ọwọ́ wọn, ó sì fi owó orí lé wọn lórí. Ní ọdún 1912 ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àbíjáǹ dé Bouaké. Ẹni tí ó bá ń yin ojú irin náà, kí ó rántí pé ẹ̀yìn àwọn tí a fi ipá mú ni a fi ru púpọ̀ nínú igi àti irin rẹ̀.

Houphouët ka ìwé ní Bingerville, ó sì kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí àwọn Faransé ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé tí wọn yóò lò ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dakar, ó sì parí ní ọdún 1925. Bí ó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ dáadáa, oyè dókítà olùrànlọ́wọ́ ni òfin àwọn Faransé fún ọmọ adúláwọ̀. Oyè náà kéré sí ti òyìnbó, owó rẹ̀ sì kéré pẹ̀lú.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ṣe iṣẹ́ ìṣègùn, láti Àbíjáǹ dé Guiglo, Abengourou, Dimbokro àti Toumodi. Iṣẹ́ yìí ni ó là á lójú, nítorí dókítà ni í rí ara ẹni tí iṣẹ́ ti pa. Ní Abengourou, ní ọdún 1932, ó rí bí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní iye tí kò tó nǹkan. Ó gbèjà àwọn àgbẹ̀ náà, ó sì kọ ìwé sínú ìwé ìròyìn láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nígbà tí ó di ọdún 1940, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó jẹ oyè ní agbègbè ilé rẹ̀, ó sì dojú kọ oko tí ó jogún. Kò pẹ́ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí ó lọ́rọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ náà.

OKO KỌFÍ ÀTI IṢẸ́ ÀFIPÁṢE

Òyìnbó Faransé kan tí ń jẹ́ Verdier ni ó kọ́kọ́ dá oko kọfí sílẹ̀ ní Élima, létí ọ̀sà, ní nǹkan bí ọdún 1881. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ ọmọ ilẹ̀ náà gba iṣẹ́ yìí ṣe, oko tiwọn lápapọ̀ sì wá ju ti àwọn òyìnbó lọ fíìfíì. Púpọ̀ jùlọ nínú kọfí wọn ni irú èyí tí a ń pè ní robusta, tí ó korò, tí ara rẹ̀ sì le ní ilẹ̀ olóoru.

Ṣùgbọ́n ìdíje náà kò dọ́gba. Àwọn òyìnbó olóko kì í wá òṣìṣẹ́ kiri. Ìjọba ni í ránṣẹ́ sí àwọn olóyè pé kí wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin iye báyìí wá, láti ilẹ̀ Baoulé, láti Korhogo, àti láti ilẹ̀ àwọn Mossi ní òkè. Ẹni tí ó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n tàbí ẹgba. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n lè mú àgbẹ̀ tí ó ní oko kọfí tirẹ̀ kúrò nínú oko náà, kí wọ́n sì mú un lọ ká kọfí òyìnbó, nígbà tí tirẹ̀ ń jẹrà lórí igi. Ní ìgbà ogun ńlá kejì, owó tí a ń san fún èso oko òyìnbó tún ju èyí tí a ń san fún ti adúláwọ̀ lọ. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, èso kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 1944, Houphouët àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn bíi Joseph Anoma àti Gabriel Dadié, baba òǹkọ̀wé nì Bernard Dadié, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Ọmọ Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì fi Houphouët ṣe olórí. Ẹni tí ó bá ní hẹ́kítà méjì oko kọfí, tàbí mẹ́ta ti kòkó, lè wọ inú rẹ̀. Gómìnà Latrille, tí de Gaulle fi síbẹ̀, kò dí wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà kọ̀ láti lo òṣìṣẹ́ àfipámú. Wọ́n lọ bá Gbon Coulibaly, àgbà olóyè Korhogo, ó sì fún wọn ní àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún owó tàbí fún ìpín nínú ìkórè. Èyí ni ó tú àwọn òyìnbó olóko ní àṣírí, nítorí ohun tí wọ́n ti ń sọ ni pé adúláwọ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí a kò bá nà án. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000.

ÒFIN ỌDÚN 1946

Nígbà tí ogun parí, tí àwọn Faransé ní kí àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn rán aṣojú wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní Paris, àwọn àgbẹ̀ kọfí ni ó di ọmọ ogun ìbò fún Houphouët. Ó wọlé ní ìparí ọdún 1945. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ènìyàn bíi Lamine Guèye àti Senghor láti Senegal pàdé, àti Apithy tí ó ṣojú Dahomey tí í ṣe Benin òde òní, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Òun ni ó gbé àbá òfin náà kalẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1946, iṣẹ́ àfipáṣe di èèwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣe àkóso, láti Dakar dé Congo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí jẹ́. Láìta ìbọn kan, ẹni tí ó ti sùn nínú ìbẹ̀rù àwọn akónilọ ní alẹ́ àná di olúwa ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó olóko ti sọ tẹ́lẹ̀ pé oko yóò di igbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Baoulé láti ilẹ̀ ọ̀dàn àti àwọn Mossi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí igbó gúúsù, àwọn kan láti gba owó iṣẹ́, àwọn mìíràn láti dá oko tiwọn. Ní àwọn ọdún 1960, Côte d'Ivoire ti di ẹni kẹta láyé nínú kíkórè kọfí, lẹ́yìn Brazil àti Colombia.

Ṣùgbọ́n kò lọ láìsí ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1946 kan náà ni a dá ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, tí a sì dá RDA sílẹ̀ ní Bamako fún gbogbo àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí i pé agbára ẹgbẹ́ yìí ń pọ̀, wọ́n mú àwọn aṣáájú rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam, Bernard Dadié wà nínú wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1949 àwọn obìnrin rìn lọ sí iwájú ẹ̀wọ̀n náà láti bèèrè ọkọ, ọmọ àti arákùnrin wọn; omi àti kùmọ̀ ni wọ́n fi dá wọn padà. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1950, ní Dimbokro, ní àárín ilẹ̀ oko kọfí àti kòkó, ìbọn pa ènìyàn mẹ́tàlá. Ní ọdún náà ni Houphouët ya ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lára àwọn Kọ́múníìsì ilẹ̀ Faransé, ó sì bá ìjọba rẹ́. Àwọn kan pè é ní ọgbọ́n, àwọn mìíràn pè é ní ìpadàsẹ́yìn. Láti ọdún 1956 ó di mínísítà ní Paris.

Ó GUN ORÍ ÀLÉÉFÀ

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Côte d'Ivoire gba òmìnira, Houphouët sì di Ààrẹ títí ó fi kú. A kò ní fi ọwọ́ bo àwọn àṣìṣe rẹ̀. Fún ọgbọ̀n ọdún, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó wà. Ní ọdún 1963 àti 1964 ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sẹ́wọ̀n ní Yamoussoukro lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, lẹ́yìn náà ni òun tìkára rẹ̀ sì gbà pé irọ́ ni ẹ̀sùn náà.

Àwa Yorùbá náà ní ohun tí a lè sọ. Ó pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Àbíjáǹ, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé fi wọ́pọ̀ ní Èjìgbò títí dòní. Ilẹ̀ náà gba àlejò púpọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ojú àwọn aláṣẹ ni àwọn ọ̀dọ́ Àbíjáǹ ṣe lé àwọn ará Dahomey àti Togo kúrò nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Houphouët fọwọ́ sí ìyapa Biafra, ilẹ̀ rẹ̀ ni Ojukwu sì sá lọ ní ọdún 1970.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọfí ni ó dán an wò jùlọ. Ìjọba rẹ̀ ní àjọ kan tí ó ń dá iye kọfí àti kòkó fún àgbẹ̀. Nígbà tí ọjà ayé bá gbówó lórí, àjọ náà a mú èyí tí ó ṣẹ́kù. Owó yìí ni a fi ṣe ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ilé gíga Àbíjáǹ. Òun náà ni a sì fi ṣe ọ̀ṣọ́ tí kò pọn dandan. Ẹni tí ó ti bá òyìnbó jà nítorí iye owó àgbẹ̀ ni ó wá di ẹni tí ń dá iye náà.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ. Ní ọdún 1987 ọjà ṣubú, Côte d'Ivoire kò sì lè san gbèsè mọ́. Houphouët kọ̀ láti ta kòkó ní iye tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù fẹ́; ó kó o pamọ́, ó ń dúró kí wọ́n wá bẹ òun. Wọn kò wá. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń tà. Ní oṣù keje ọdún 1989 àdéhùn tí ó ń pín ọjà kọfí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé tún fọ́, iye kọfí sì já wálẹ̀. Ní ọdún náà, owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kọfí àti kòkó já sí ìdajì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a ṣí ilé ìsìn ńlá Yamoussoukro, tí Póòpù wá yà sí mímọ́. Ọdún náà kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ dìde, tí ó fi gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn wà.

Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1993. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni a dín owó séfà kù sí ìdajì.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ojú wa, Houphouët-Boigny ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ìdajì náà sì tóbi. Ó gba ara àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ipá mú un. Ìdajì kejì, èyí tí í ṣe kí àgbẹ̀ ní ohùn nínú iye ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbìn, òun kò lè ṣe é tán. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, ó gba ibẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Títí dòní, púpọ̀ nínú kọfí ilẹ̀ náà ni a ń kó lọ sí òkè òkun láìtíì yan án. Òkè òkun ni èrè yíyan àti lílọ̀ rẹ̀ ń wà, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣe ìkòkò onídígí tí a fi ń sè é.

Kí àwọn olùkọ́ wa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí láìfi apá kan pamọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1946 yẹ ní rírántí ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti pé àwọn tí ó mú ọjọ́ náà wá kì í ṣe ọmọ ogun. Àgbẹ̀ ni wọ́n, tí hẹ́kítà méjì kọfí ti tó láti mú wọn wọ ẹgbẹ́.