Thomas Birch Freeman àti Ẹgbẹ́ Kékeré tí Ó Bá Nílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá mọ ohun tí ọkọ̀ ojú omi jẹ́. Fèrè rẹ̀ ni ó ń jí ẹlòmíràn nínú yín láàárọ̀. Àwọn mìíràn nínú yín, tàbí àwọn bàbá yín, ti bá wọn já ẹrù ní Tin Can Island láti ìgbà tí ìjọba ti ṣí èbúté náà ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti tò bẹẹrẹ lórí òkun Èkó ní 1975 tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ wọ́ọ̀fù kì í jẹ́ kí ènìyàn ní àkókò. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ òru mọ́jú ọjọ́ Ìsinmi, oorun ni yóò máa kùn nígbà tí pásítọ̀ bá ń wàásù. Nítorí náà ni àwọn ará kan fi ń pàdé nínú ilé láàárín ọ̀sẹ̀: ènìyàn méje nínú yàrá kan, mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé kan, Ìjọ́ jókòó ti Yorùbá, Ùròbò jókòó ti Ìgbò, wọ́n ń ka Bíbélì, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fojú kéré irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, bí pásítọ̀ kò bá sí níbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe mú ìtàn Thomas Birch Freeman wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí. Lóòótọ́, Freeman kì í ṣe Onítẹ̀bọmi, Mẹ́tọ́díìsì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bowen tiwa gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1850, Freeman ti gba ọ̀nà náà kọjá ṣáájú rẹ̀.

A bí Freeman ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 1809 ní Twyford, abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Adúláwọ̀ tí ó ti ṣe ẹrú rí ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni Freeman kọ́. Ó di olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà fún ọlọ́lá kan nítòsí Ipswich, ó mọ ewéko dunjú, owó rẹ̀ sì ń wọlé déédéé. Nígbà tí ó gbọ́ pé a ń wá ẹni tí yóò lọ ṣe iṣẹ́ Olúwa ní Gold Coast, tí í ṣe Gáná òde òní, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì wọkọ̀ ní ọdún 1837 pẹ̀lú Elizabeth ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ lórí omi ná, kí a lọ wo ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà.

Ní Cape Coast, ilé-ìwé kan wà nínú ilé olódi àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bíbélì wà lára ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ Fántì níbẹ̀ ní kíkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́ ọ, wọ́n jáde, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1831, díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ibẹ̀ jáde pa ìmọ̀ pọ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni William de Graft. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa pàdé ní àkókò tí wọ́n yàn, kí wọ́n máa ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí wọ́n sì máa wádìí ìtumọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kò sí míṣọ́nnárì tí ó dá a sílẹ̀ fún wọn.

Kò pẹ́ tí aáwọ̀ fi wọ inú rẹ̀. De Graft àti Joseph Smith, olùkọ́ ilé-ìwé náà, kò gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú gómìnà, wọ́n ti de Graft mọ́lé, lẹ́yìn náà ó sì kúrò ní ìlú lọ sí Dixcove. Kí èyí má ṣe yà yín lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ìjọ ti rí irú rẹ̀ rí, bí a kò tilẹ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé de Graft kò torí ìjà pa Bíbélì rẹ̀ dé. Ní Dixcove, ó tún kó àwọn mìíràn jọ.

Níbẹ̀ ni ọkọ̀ oníṣòwò kan ti Bristol ti bá a. Potter ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà. De Graft bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun ra Bíbélì wá láti Ìlú Òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn atukọ̀ pàdé ní èbúté, ẹ mọ ohun tí àwa máa ń bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ó lè jẹ́ aago, ó lè jẹ́ bàtà. Ẹnu ya Potter. Ó lọ sí Cape Coast, ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ bóyá wọn yóò gba olùkọ́ bí a bá rán ọ̀kan sí wọn, wọ́n sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ó padà délé, ó tọ àwọn Mẹ́tọ́díìsì lọ, ó sì ṣèlérí pé òun yóò gbé ẹni tí wọ́n bá rán lọ́fẹ̀ẹ́. Báyìí ni Joseph Dunwell ṣe gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1835. Ó bá àwọn ará ní apá méjì, àwọn ti de Graft àti àwọn ti Smith, ó sì là wọ́n.

Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Dunwell kú.

Ẹ fi ara yín sí ipò wọn. Olùkọ́ tí wọ́n gbàdúrà fún kò lo oṣù mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá òmíràn yóò wá. Àwọn ará ìlú tí wọn kò fẹ́ ẹ̀sìn náà ní ohun tí wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ pàdé, wọ́n jíròrò, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní tú ká. Láti oṣù náà títí di oṣù Kẹsàn-án 1836, wọ́n ń pàdé fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí míṣọ́nnárì kankan. Lẹ́yìn náà ni George Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ dé, àti Peter Harrop àti ìyàwó tirẹ̀. Kí ọdún 1837 tó parí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú sàréè. Ibà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Ọdún 1897 ni a tó rí ìdí rẹ̀.

Irú ilẹ̀ yìí ni Freeman sọ̀kalẹ̀ sí ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní ọdún 1838. Èbúté ni ó ti gbọ́ pé Wrigley, ẹni tí ó ń bọ̀ wá bá ṣiṣẹ́, ti kú. Kò pẹ́ tí ibà dá òun náà wó. Elizabeth tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gbádùn, ṣùgbọ́n ibà mú obìnrin náà, kò sì lo oṣù méjì ní Cape Coast kí ó tó kú. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lára Freeman ni ó gbà á. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí a mọ̀ ni pé kò bá ahoro. Ó bá àwọn ará tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń dúró, ilé ìsìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sì parí, a sì ṣí i ní oṣù Kẹfà ọdún náà.

Ètò tí Mẹ́tọ́díìsì fi ń tọ́jú irú àwọn ará bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kíláàsì. Gbèsè ni ó bí i. Ní Bristol, ní ọdún 1742, John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pín ìjọ sí méjìlá-méjìlá, kí olórí kọ̀ọ̀kan máa lọ gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí àwọn olórí ti ń wọ ilé dé ilé nítorí kọ́bọ̀, wọ́n rí i pé ẹni báyìí ń bá aya rẹ̀ jà, ẹni báyìí ti padà sídìí ọtí, ẹlòmíràn sì dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Wesley rí i pé èyí ju owó lọ. Ẹ kò ha rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ajégúnlẹ̀? Ará tí kò wá sí ìsìn fún oṣù méjì, àwọn tí ó ń gbé ládùúgbò rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀.

Ètò yìí ni ó fún Freeman láǹfààní láti rìn. Ó dé Kumasi lọ́dọ̀ ọba Àṣáńtì ní 1839. Ní 1840 ó mú de Graft lọ sí Ìlú Òyìnbó kí àwọn ìjọ ibẹ̀ lè fojú rí ọ̀kan nínú àwọn tí ó bèèrè Bíbélì. Láàárín àkókò yìí, àwọn Sàró, ọmọ Yorùbá tí a ti gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, ti ń padà láti Sierra Leone sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Àwọn kan nínú wọn ti wà nínú kíláàsì ní Freetown. James Ferguson, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀wé láti Àgbádárìgì pé kí a rán olùkọ́ sí wọn. Ẹ tún wò ó: àwọn ará kan ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Freeman àti de Graft gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n kọ́lé. Ní oṣù Kejìlá, Freeman lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà ní Àgbádárìgì, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Kò pẹ́ tí Freeman tún fi gbéra lọ sí Dàhómì. Ta ni ó fi àwọn ará Àgbádárìgì lé lọ́wọ́? De Graft ni, ẹni tí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní 1831. Òun ni ó dúró tì wọ́n, tí ó ń darí àdúrà wọn, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé.

Freeman ní àbùkù tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Kò mọ owó ṣírò. Bí iṣẹ́ ti ń gbòòrò ni ó ń ná ohun tí kò sí lọ́wọ́, títí àwọn tí ó rán an fi pariwo. Ní 1857 ó fi ipò alábòójútó sílẹ̀, ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Accra, ó sì dáko. Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù ní 1873. Àwọn kíláàsì kò dúró dè é ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Wọ́n ń pàdé lọ. Ní Accra ni ó kú sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ẹni ọgọ́rin ọdún.

Bí kíláàsì yín bá fẹ́ fi ojú rí ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, Àgbádárìgì kò jìnnà sí yín. Láti Mile 2 ni ẹ ó ti wọkọ̀. Igi Agia tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n a gbé òkúta ìrántí sí ojú ibẹ̀.