Karl Landsteiner: Ẹni Tó Mọ Ìyàtọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará kíláàsì, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa kì í ṣe irú kan náà? Karl Landsteiner ni. Vienna ni wọ́n ti bí i ní 1868. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ títí ó fi di dókítà.

Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, ẹlòmíì á yè, ẹlòmíì á kú, kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀. Landsteiner gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ àti tàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń po wọ́n mọ́ra. Àwọn kan ṣù pọ̀, àwọn kan ò ṣe nǹkan kan. Ó rí i pé àwọn sójà ara, ìyẹn antibody, ló ń bá ẹ̀jẹ̀ àjèjì jà. Ní 1901 ló kéde A, B àti èyí tá à ń pè ní O báyìí.

Ọdún 1930 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Kò torí ẹ̀ sinmi o: ní 1940, ní New York, òun àti Wiener kéde Rh. Ẹnu iṣẹ́ ni àìsàn ọkàn ká a mọ́ ní 1943, tó fi kú.

Ẹ má fojú kékeré wo lẹ́tà tó wà lórí káàdì yín. Ẹ̀mí ló ń gbà là.