Àjàyí Ọmọ Àfálà: Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run Níbi Tí Ọ̀nà Gbogbo Ti Dí

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó ń mú kí babaláwo máa dífá li ọrọọrún. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpọ́njú bá wọlé tọ ènìyàn, òwe a fò lọ kúrò li ọkàn rẹ̀. Ẹni tí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀ kì í tètè gbà pé ilẹ̀ yóò mọ́. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nínú àwòrán nìkan, pẹ̀lú ewú orí àti aṣọ oyè Bíṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó wọ aṣọ náà, ó ti jẹ́ ọmọdé tí a fi okùn sí li ọrùn.

A bí Àjàyí ní ìlú Òṣoogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfálà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Li àkókò náà ilẹ̀ Yorùbá kò rójú: agbára Ọ̀yọ́ ń rẹ̀yìn, ogun sì ń kó ìlú kan tẹ̀ lé èkejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, li ogun yí Òṣoogùn ká. Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí àwọn ará ilé òun sá, òun fúnra rẹ̀ sì padà sí ojú ìjà. Láti ọjọ́ náà Àjàyí kò tún fi ojú kan baba rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tẹ òun, ìyá rẹ̀, àti ọmọ-ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan. A dè wọ́n pọ̀ li okùn, wọ́n sì ń wẹ̀yìn wo èéfín ìlú wọn tí ó ń jó.

Ní Ìsẹ́yìn a fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò wu ẹni tí ó gbà á, a dá a padà, a sì gba ọmọ náà. Ìrìn yìí mú un dé ibi tí ìyá rẹ̀ wà, wọ́n sì wà pọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lójú ọmọdé náà, ìgbèkùn ti fẹ́rẹ̀ di ilé, níwọ̀n ìgbà tí ìyá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a mú un li òjijì, a sì yà á kúrò li ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ a ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ẹni ta ewúrẹ́, ó sì ń sún mọ́ etí òkun. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ni ó ń bà á jù gbogbo rẹ̀ lọ, èyí ni pé kí a má tà á fún àwọn òyìnbó Potogí, nítorí ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ wọn kì í padà. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ li ọkàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú li òru láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ gbé e.

Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni ó dé bá a. A mú un dé Èkó, a sì tà á fún àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù April, ọdún 1822, a kó ẹrú 187 sínú ọkọ̀ kan, Àjàyí sì wà nínú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ń ṣọ́ òkun gbá ọkọ̀ náà mú. Ǹjẹ́ ọmọdé náà mọ̀ pé ìgbàlà ni ó dé? Kò mọ̀. Nígbà tí a gbé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ogun tí à ń pè ní Myrmidon, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, wọ́n sì ṣe bí ẹran ara ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí a kó jọ, wọ́n pè é ní orí ènìyàn. Ìdáǹdè wà li ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n sì ń gbọ̀n nítorí rẹ̀.

Ní oṣù June ọdún náà a mú wọn gúnlẹ̀ ní Sàró. Àjàyí bẹ̀rẹ̀ ìwé, kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi lè ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù December, ọdún 1825, a sì fún un li orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó di olùkọ́, ó sì gbé Asano ní ìyàwó, ẹni tí òun náà bọ́ kúrò li oko ẹrú. Ní ọdún 1841 ó bá àwọn òyìnbó gòkè odò Ọya. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú wọn, ṣùgbọ́n Crowther yè. Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà ní Lọndọni.

Nísinsin yìí ọkàn rẹ̀ fà sí ilé. Ní oṣù January, ọdún 1845, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì láti lọ sí Abẹ́òkúta. Bí wọ́n ti dé ni ìròyìn kàn wọ́n pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ti ń retí wọn, ti kú. Ogun sì dí ọ̀nà. Ọdún kan àti àbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí Àgbádárìgì. Ẹlòmíràn ì bá ti wọ ọkọ̀ padà sí Sàró, kí ó sì wí pé Ọlọ́run kò fẹ́. Crowther kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wàásù, ó ń kọ́ ọmọdé, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́. Ní oṣù August, ọdún 1846, ọ̀nà là, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta.

Kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí a fi mú obìnrin arúgbó kan wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Àfálà ni. Láti ọdún 1821 ó ti bọ́ li oko ẹrú, a tún ti mú un, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti fi owó rà á padà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Bí ìyá ti rí ọmọ, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn, omijé sì ń ṣàn li ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ìyà ti mú gbẹ. Nígbà tí ó ṣe ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ ní orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é. Ẹsẹ Bíbélì tí a yàn sínú àlùmánákì Crowther fún ọjọ́ náà sọ ti Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, Crowther sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun kò tíì mọ agbára ẹsẹ náà bí ti ọjọ́ náà. Ní oṣù February, ọdún 1848, a ri Àfálà bọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó pẹ́ li ayé kọjá bí ènìyàn ti lè rò, nítorí ọdún 1883 ni ó tó kú.

Ìyókù ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù June, ọdún 1864, a fi Crowther joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Leeke tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon sì wà níbẹ̀ tí ó ń wo ọmọ tí ó gbà li ọwọ́ àwọn Potogí. Ní ọdún 1884 gbogbo Bíbélì Yorùbá parí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe làálàá.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run kò mú gbogbo ẹkún kúrò. Àjàyí kò rí baba rẹ̀ mọ́. Li ọjọ́ ogbó rẹ̀, ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé sí iṣẹ́ ìsìn ní odò Ọya, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kan bàbá arúgbó náà lábùkù. Ó kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wọn, kò sì kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December, ọdún 1891. Kò rí i pé ní ọdún 1892 àwọn ìjọ ẹnu odò náà dìde li abẹ́ ọmọ rẹ̀ Dandeson, wọ́n sì gbé ẹrù ara wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ìtàn yìí dáradára. Ọkọ̀ tí Àjàyí bẹ̀rù jù ni Ọlọ́run fi gbé e dé ibi ìgbàlà. Ọ̀nà tí ó dí fún oṣù méjìdínlógún kò dí títí láé. Ìyá tí a yà kúrò li ọ̀dọ̀ rẹ̀ li òjijì, li òjijì náà ni a mú un padà, nígbà tí ìrètí ti pin. Kì í ṣe pé kí a káwọ́ gbera kí a sì máa wo ojú ọ̀run. Crowther kò káwọ́ gbera. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni pé kí a máa ṣe iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa, kí a má sì pa ara wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí òru ti wù kí ó gùn tó, Ẹni tí kì í tòògbé ń ṣọ́ wa.