Michel Aïkpé, ọ̀kan nínú àwọn kápíténì mẹ́ta

Fọ̀n ni Michel Aïkpé, kì í ṣe Nàgó. Síbẹ̀, a kò lè sọ ohun tí ojú àwọn ìlú wa rí lábẹ́ ìjọba sójà kí a fo orúkọ rẹ̀. Òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà tí wọ́n tún ìṣàkóso ilẹ̀ yìí tò ní 1974. Wọ́n sọ ẹkùn mẹ́fà di pròfíńsì: Àjàṣẹ́ àti Kétu wà ní Ouémé, Ṣábẹ̀ wà ní Zou. Ìjọba fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tí ará abúlé bá yàn gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baálẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ààfin kò dùn sí i, a kò sì ní fi í pamọ́ nítorí pé ikú rẹ̀ bà wá nínú jẹ́.

Àwọn olóṣèlú mẹ́ta, Maga, Ahomadégbé àti Apithy ọmọ Àjàṣẹ́, ló ń ṣe olórí Dàhòmì ní ìdà ọdún méjì-méjì láti 1970. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, àwọn kápíténì mẹ́ta láti Gúúsù, Aïkpé, Janvier Assogba àti Michel Alladayè, lé wọn kúrò. Àwọn sójà Ouidah tó wà lábẹ́ Aïkpé wà nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Mathieu Kérékou, ọmọ Àríwá tí oyè rẹ̀ ga ju tiwọn lọ, ni wọ́n fi jókòó lórí àga. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tó gba ìjọba kọ́ ló di olórí rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ alágbádá tí wọ́n fẹ́ ìyípadà gidi kò gbà pé sójà nìkan ló yẹ kó máa darí rẹ̀. Aïkpé ni wọ́n ń wò nínú àwọn ológun. Nígbà tí Kérékou kéde ní Abomey, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1974, pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀, ìjọba gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ṣùgbọ́n ìbọn kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú.

Assogba ló kọ́kọ́ ṣubú. Ní oṣù kìíní 1975 ó fẹ̀sùn kan Kérékou pé ó gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Kovacs, ó sì gbìyànjú láti gba ìjọba. Kò bọ́ sí i. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n wọn kò pa á.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ yìnbọn pa Aïkpé. Ìjọba ní wọ́n bá a pẹ̀lú ìyàwó Ààrẹ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi hàn: wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde sí ìgboro. Sójà tú wọn ká, wọ́n kó àwọn olórí wọn.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, Dàhòmì di Benin, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, PRPB, sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń retí ti dé, ológun sì ni olórí rẹ̀. Nínú àwọn kápíténì mẹ́ta, Alladayè nìkan ló ṣẹ́kù nínú ìjọba.